Ọ̀rọ̀ Tí Ó Ní Ọjọ́ Nínú

Bí ẹ bá dúró ní Ìyànà Ìbà, tí awakọ̀ wí fún yín pé, "Ọkọ̀ Àgbádárìgì yóò gbéra láìpẹ́," ẹ lè jókòó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ẹ kò sì ní lè pè é ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé, "Aago 6 ni a ó gbéra," ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ de ara rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ ńlá kan tí a sọ ní Èkó.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro, ọmọ Uromi, dìde nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Àbá rẹ̀ kò gùn: kí Ilé gbà á gẹ́gẹ́ bí ète pàtàkì pé kí Nàìjíríà máa ṣe ìjọba ara rẹ̀ ní ọdún 1956.

Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Kò béèrè bóyá òmìnira dára. Ó ní àwọn ará ìlú ti kọjá ibẹ̀, pé "nígbà wo?" ni wọ́n ń béèrè. Báyìí ni ó fi ìbéèrè náà sí ẹnu gbogbo ayé. Ẹni tí ó bá kọ̀ ọ́, kì í ṣe Enahoro nìkan ni ó kọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó wá dárúkọ ọdún.

Ahmadu Bello, Sàdáúnà ti Sókótó, náà mọ ọ̀rọ̀ lò. Kò wí pé òun kò fẹ́ òmìnira. Ó kàn ní kí a yọ "ní ọdún 1956" kúrò, kí a fi "ní kété tí ó bá ṣeé ṣe" dípò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ awakọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn! Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé kò nídìí. Àwọn ọ̀mọ̀wé kò tíì pọ̀ ní Òkè Ọya nígbà náà, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé àwọn ará Gúúsù ni yóò gba gbogbo ipò iṣẹ́ ìjọba. Bẹ́ẹ̀ sì ni tiwọn ni ìdajì àwọn aṣojú tí a yàn. Ọ̀rọ̀ Enahoro wọ àwọn tí ó ti gbà tẹ́lẹ̀ lára. Kò mú ẹ̀rù kúrò lọ́kàn àwọn tí ó yẹ kí ó yí padà.

Àbá náà kò yege. Àwọn aṣojú Action Group àti NCNC bínú jáde. Àwọn èrò Èkó fi àwọn aṣojú Òkè Ọya ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbangba. Nígbà tí ó di oṣù karùn-ún, ìjà bẹ́ ní Kánò, ìjọba sì ka òkú 36. Àwọn àgbà kò purọ́: ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó ní ọjọ́ kì í kú bọ̀rọ̀. Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn gba ìjọba ara wọn ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1957, Òkè Ọya ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1959, gbogbo Nàìjíríà sì gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu olóṣèlú, ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí ń ba ẹni tí yóò gbọ́ lẹ́rù.