Eré Ìje Nínú Òjò àti Òtútù

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ, àgbájọ ọwọ́ la fi í sọ̀yà. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin 2018.

Láti 1897 ni eré ìje yìí ti bẹ̀rẹ̀, kìlómítà 42 ni. Ọjọ́ tí wọ́n fi ń rántí ogun òmìnira wọn ti 1775 ni wọ́n máa ń sá a. Lọ́dún náà, òjò ń rọ̀ ṣáá, atẹ́gùn ń kọlu àwọn sárésáré lójú, òtútù sì mú bí inú firíjì. Aṣọ tútù a máa fa ooru kúrò lára. Ọwọ́ a kú, ẹsẹ̀ a le. Ọ̀pọ̀ ògbóǹtagí ló fi eré sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Desiree Linden náà rò pé òun kò ní lè parí rẹ̀. Ó sọ fún Shalane Flanagan pé òun ṣe tán láti ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí Flanagan yà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, Linden dẹ ẹsẹ̀ dúró dè é, wọ́n sì jọ lé àwọn tó wà níwájú bá. Níkẹyìn, Linden ló gba ipò kìíní láàárín àwọn obìnrin, ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 39 àti ìṣẹ́jú-àáyá 54. Láti 1985, obìnrin Amẹ́ríkà kankan kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Bí àwọn ọmọ wa bá sáré nínú òjò, ẹ fi aṣọ gbígbẹ àti ẹ̀kọ gbígbóná pàdé wọn. Ẹ má sì gbàgbé ẹni tó dé kẹ́yìn.