Nọ́ọ̀sì tó bá wọlé bíi wolé-wolé, ìyá ìkókó ò ní í ṣílẹ̀kùn!

Àwọn àgbà ní ẹnì kan ní í bímọ, igba èèyàn ní í bá a wò ó. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ilé tuntun tó kún Ìkòròdú, láti Agric títí dé Ìmọ̀tà, igba èèyàn ọ̀hún dà? Ìyá ọkọ wà nílùú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ọjà ò jẹ́ kí ìyá ìyàwó ráyè wá. Baálé ilé ti jáde kílẹ̀ tó mọ́, kó lè tètè kọjá Mile 12 lọ síbi iṣẹ́. Ilẹ̀ á ti ṣú kó tó dé. Ó wá ku ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, òun àti ìkókó, nínú yàrá tí wọ́n tilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

Irú ìyá yìí gan-an ni àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé fẹ́ rí, òun ló sì ṣòroó rí jù. Wọ́n á kanlẹ̀kùn títí, kò ní í dáhùn. Agídí kọ́ o, ẹ̀rù ni! Ẹ̀yin àgbà ò ṣáà ní í gbàgbé wolé-wolé, tó máa ń yọjú wo ìkòkò omi, tó tún ń kọ̀wé kóòtù fúnni. Ẹni tó bá gbé ìwé ńlá wọlé abiyamọ, tó kọ́kọ́ bèèrè pé, "Káàdì ọmọ dà? Kí ló dé tí ẹ ò gba abẹ́rẹ́?" wolé-wolé ló jọ lójú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìwádìí tí Dókítà Abiodun Adewuya àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2005 fi hàn pé nínú 100 ìyá tó bímọ, bíi 15 ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6. Iléṣà ni wọ́n ti ṣe é. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe ọ̀lẹ. Àìsàn ni, ó sì ń gbóògùn.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Pakistan. Atif Rahman àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera abúlé, tí wọn kì í ṣe dókítà, bí wọ́n á ṣe máa tẹ́tí sí aláboyún tọ́kàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Oyún ṣì wà níkùn tí wọ́n ti ń lọ kí i. Wọn ò sọ pé orí rẹ̀ dàrú, torí kí ọmọ lè dàgbà dáadáa ni wọ́n ní àwọn ṣe wá. Ìyẹn làwọn ará ilé fi gbà wọ́n. Èsì jáde ní 2008: lóṣù 6 lẹ́yìn ìbímọ, nínú 100 ìyá, 23 ni àìsàn náà ṣì wà lára wọn. Lọ́dọ̀ àwọn tí òṣìṣẹ́ tí kò gba ẹ̀kọ́ yìí lọ kí, 53 ni! Iye ìgbà kan náà ni wọ́n sì lọ kí tibí tọ̀hún. Ìlò ẹnu àti etí ló yàtọ̀.

Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò. Kí nọ́ọ̀sì bá ẹni tí ìyá náà mọ̀ lọ. Kó jókòó. Kó ní, "Ìyá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ o. Ṣé ẹ ráyè sùn? Kí lẹ jẹ láàárọ̀?" Kó gba ọmọ mọ́ra, kí ìyá lè wẹ̀. Kó kí ọkọ pẹ̀lú, bó bá bá a nílé. Ọ̀rọ̀ káàdì á tẹ̀lé e. Ọjọ́ tó bá dá, kó má yẹ̀ ẹ́. Àmọ́ bí ìyá bá ní ikú yá ju ayé lọ, tàbí pé òun fẹ́ ṣe ọmọ léṣe, kí wọ́n má fi òun nìkan sílẹ̀ o. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà!

Ẹ̀yin ìyá ọjà Sábó, ẹ̀yin onídìrí àti télọ̀, ẹ̀yin lẹ mọ oníbàárà yín tó lóyún, tẹ́ ẹ ò rí mọ́ láti oṣù kan. Nọ́ọ̀sì ò mọ ilé rẹ̀, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Ẹ mú un lọ.