Panla Orí Àtẹ àti Ìwádìí Inú Òkun Oníyìnyín

Ojúlówó panla gbígbẹ, èyí tí àwọn ará Ìgbò ń pè ní okporoko, tí ó ń dé orí àtẹ ní Gbọ̀ngán, Ìkirè àti Àpòmù, ọ̀nà jíjìn ni ó ti wá. Òkun Barents, tí ó wà lápá àríwá Nọ́wè àti Rọ́ṣíà, ní bèbè ibi tí omi òkun ti ń di yìnyín, ni ẹja yìí ti ń jẹ̀ tí ó fi ń dàgbà. Bí ọdún bá sì ti yí tuntun, yóò sọ̀kalẹ̀ wá sí àwọn erékùṣù Lofoten láti yé ẹyin, níbẹ̀ ni àwọn apẹja ti ń kó o, tí wọ́n ń so ó rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ tútù títí yóò fi gbẹ láìfi iyọ̀ sí i.

Kí ẹja náà má baà tán, àwọn onímọ̀ òkun láti ìlú Bergen ní Nọ́wè, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Rọ́ṣíà, ti ń gbé ọkọ̀ ìwádìí lọ sí òkun yìí lọ́dọọdún láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ a rán ìró sísàlẹ̀ omi, èyí tí ó bá ta padà lára agbo ẹja ni wọn yóò sì fi díwọ̀n bí ẹja ti pọ̀ tó. Wọn a tún fi àwọ̀n kó díẹ̀, wọn a yọ òkúta wẹ́wẹ́ inú etí rẹ̀, nítorí pé òkúta yìí ń ní ìlà kan sí i lọ́dọọdún, láti ara rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ka ọjọ́ orí ẹja. Ìṣirò yìí ni ìjọba méjèèjì fi ń pinnu ìwọ̀n tí apẹja lè kó.

Lára àwọn tí ó la ọ̀nà ìwádìí òkun oníyìnyín ni Fridtjof Nansen, ọmọ Nọ́wè, tí ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí yìnyín há ọkọ̀ rẹ̀, Fram, mọ́ inú òkun ní 1893, kí yìnyín náà lè máa gbé e lọ. 1896 ni ọkọ̀ náà tó bọ́. Nansen kíyè sí i pé yìnyín kì í bá afẹ́fẹ́ lọ tààrà, ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń yà sí. Ekman, ará Sweden, ṣàlàyé ní 1905 pé yíyí tí ayé ń yí ni ó fà á. Àlàyé yìí kan náà ni ó jẹ́ kí a mọ ìdí tí afẹ́fẹ́ etíkun Senegal àti Mauritania fi ń ti omi òkè kúrò létí ilẹ̀, tí omi tútù tí ó kún fún oúnjẹ ẹja fi ń ru sókè dípò rẹ̀. Nínú omi yẹn ni wọ́n ti ń kó apá kan nínú ẹja inú yìnyín tí à ń rà ní Nàìjíríà.

Láti 1975 ni àwọn ọkọ̀ ìwádìí tí a fi orúkọ Nansen sọ, pẹ̀lú FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ti ń wọn òkun ilẹ̀ Áfíríkà, títí kan ti Nàìjíríà. Ọdún yẹn gan-an ni a dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun ti Nàìjíríà, NIOMR, sílẹ̀ ní Èkó. Ó yẹ kí ẹja etíkun wa náà rí kíkà lọ́dọọdún bíi ti Barents, nítorí pé ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún púpọ̀ kò lè fi hàn bóyá ẹja ń pọ̀ sí i tàbí ó ń dín kù.