Egbò Iṣẹ́ Abẹ Kì í Ṣe Ohun Ìfọwọ́yẹpẹrẹ Mú



Oòrùn tí ń pa gbogbo wa ní Tinúbú, àwọn àfín ni ó ń bá jà jù. Ojú, etí, ètè àti ọrùn wọn ni jẹjẹrẹ awọ ara sábà máa ń mú. Ẹgbẹ́ The Albino Foundation, tí Jake Epelle dá sílẹ̀ ní 2006, ti sapá gidigidi kí wọ́n lè rí iṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́ gbà ní National Hospital, Abuja. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá gé e tán, ìtọ́jú kù sílé.

Fún ọjọ́ kan sí méjì, kí omi má kan egbò náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ tí kò ta wẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ lójoojúmọ́, ẹ fi fasilíìnì pa á, kí ẹ sì fi bándéèjì tuntun dì í. Ẹ má fi àgbo tàbí eérú kàn án. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ fún 20 ìṣẹ́jú láìṣí i wò. Bí kò bá dá, tàbí bí egbò bá ń ṣọyún, tí ó ń rùn, tí ara sì ń gbóná, ilé ìwòsàn yá lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ru ẹrù títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda. Ẹrù a máa já okùn tí wọ́n fi rán egbò.

Àlùwàlá ńkọ́? Àlùkùránì, orí kẹrin, ẹsẹ 43, fún aláìsàn láyè tayámọ́mù. Ẹni tí ó lè fọ ibi tó kù lára, kí ó fi ọwọ́ tútù pa orí bándéèjì. Bí egbò bá wà níwájú orí, kí ó fi orí júwe ìforíkanlẹ̀.

Abu Dawud gbà á wá pé òkúta ṣe ọkùnrin kan léṣe lórí láyé Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a). Janábà dé bá a lójú oorun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní dandan kí ó wẹ̀. Ó wẹ̀, ó kú. Ànábì bínú sí wọn, nítorí wọn kò mọ̀, wọn kò sì béèrè. Àwa àlùfáà, ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra!

Ẹ padà lọ gba èsì àyẹ̀wò ẹran tí wọ́n gé, nítorí egbò lè jinná kí jẹjẹrẹ ṣì kù nísàlẹ̀. Bí ẹ bá sì padà sọ́jà, ẹ dé fìlà gbẹ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, ẹ jókòó sábẹ́ agbòjò.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.