Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Dá Káàdì Inú Rẹ̀ Mọ̀

Ẹ rántí káàdì ohùn Sound Blaster? Ẹni tó bá rà á ní nǹkan bí ọdún 1990, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Yóò tú ìdérí kọ̀ǹpútà, yóò tan tọ́ọ̀ṣì sójú káàdì níbi tí àwọn jumper tò sí bí eyín ọmọdé, yóò yọ ọ̀kan níhìn-ín, yóò tì í bọ ibòmíràn, kó lè yan ọ̀nà tí káàdì yóò máa gbà ké sí CPU. IRQ ni wọ́n ń pè é. Láti ìgbà tí IBM ti ṣe PC AT ní 1984, ọ̀nà ìpè bẹ́ẹ̀ kò ju 15 lọ, aago inú ẹ̀rọ, kíbọ́ọ̀dù àti díìsìkì sì ti gba tiwọn. IRQ 7 tí Sound Blaster fẹ́ràn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti jókòó síbẹ̀. Bí méjì bá jọ du ọ̀kan, orin á já lójijì, tàbí kí ẹ̀rọ kú sójú kan.

Ní 1993, Intel àti Microsoft gbé ìlànà Plug and Play jáde fún káàdì tó ń wọ ihò ISA inú PC. Iṣẹ́ ńlá ni, torí lórí ISA, gbogbo káàdì ló ń gbọ́ ìpè kan náà, kò sí èyí tó ní nọ́ńbà ilé. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i wù mí títí dòní. Káàdì kọ̀ọ̀kan gba nọ́ńbà gígùn tirẹ̀, bit 72. Kọ̀ǹpútà á ní kí gbogbo wọn jọ máa kà á, bit kan lẹ́yìn òmíràn. Èyí tí tirẹ̀ jẹ́ 1 á fọhùn. Èyí tó jẹ́ 0 á dákẹ́, á tẹ́tí. Bó bá gbọ́ ohùn ẹlòmíràn, á jókòó. Kí wọ́n tó kà á tán, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù lórí ìdúró. Kọ̀ǹpútà á fún un ní nọ́ńbà kúkúrú, á ní kó lọ sinmi, á sì tún dá àwọn tó jókòó dìde.

Lórí Windows 95, ọjọ́ tó bá wu Plug and Play ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn Amẹ́ríkà sọ ọ́ di Plug and Pray: ẹ ti káàdì bọ ẹ̀rọ, kí ẹ kúnlẹ̀ àdúrà.

Nígbà yẹn, àwọn oní-Linux ní isapnptools tiwọn. pnpdump inú rẹ̀ á pe káàdì jọ bí mo ṣe wí, á bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohun tó lè gbà, á sì kọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀, bíi (INT 0 (IRQ 5 (MODE +E))), pẹ̀lú àmì # níwájú ohun kọ̀ọ̀kan tó ṣeé yàn. Ẹ̀yin lẹ ó yan èyí tó wù yín, kí ẹ pa # rẹ̀ rẹ́, kí ẹ tọ́jú fáìlì náà sí /etc/isapnp.conf. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, isapnp á kà á, á sì to káàdì bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti ń já èèyàn jù ni ìlà (ACT Y). Bí ẹ bá gbàgbé láti pa # tirẹ̀ rẹ́, gbogbo ìyókù ì báà tọ́, káàdì ò ní mí.

Ní oṣù kìíní ọdún 2001, kernel Linux 2.4 gba iṣẹ́ náà ṣe fúnra rẹ̀. PCI, ihò irú mìíràn, ti ń lé ISA lọ nígbà yẹn. Lórí PCI, ojúlé kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì: ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ ka byte 256, méjì àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tó ṣe káàdì. Ẹ tẹ lspci -n lórí Linux lónìí. Bí nǹkan Intel bá wà nínú ẹ̀rọ yín, 8086 lẹ máa rí, nọ́ńbà chip tí wọ́n gbé jáde ní 1978.