Ẹsẹ̀ Ló Ń Ju Ọ̀kọ̀

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá nílé ìwé kan ní Agége, kọ̀wé sí mi: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Prọ́f. Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tó lágbára gan-an, àmọ́ ọ̀kọ̀ rẹ̀ kì í lọ jìnnà, ìgúnpá sì ti ń dùn ún. Irin tí wẹ́ẹ́dà bá wa gé la fi ń kọ́ wọn. Kí ni ká ṣe?"

Ìdáhùn mi ò gùn. Ọmọ náà ń fi ọwọ́ ju ọ̀kọ̀. Ẹsẹ̀ ló yẹ kó fi máa jù ú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wọ dáńfó lójú ọ̀nà Ìkẹjà sí Agége, ẹ mọ nǹkan tí mo fẹ́ sọ. Dẹ́rẹ́bà tẹ búrèkì lójijì. Ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n àyà àti orí yín fò síwájú. Eré tí ara yín ń bá ọkọ̀ sá kò tíì tán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀kọ̀ jíjù. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù ú á sáré wá, á wá fi ẹsẹ̀ òsì gúnlẹ̀ gbọnyin níwájú. Ẹsẹ̀ yẹn ni búrèkì. Bó ṣe dúró, ìbàdí gba eré náà, ó gbé e fún àyà, àyà fún èjìká, èjìká fún ìgúnpá, ọwọ́ ló kẹ́yìn. Bí ẹ̀yà ara ṣe ń fúyẹ́ sí i ni eré ń pọ̀ sí i, bí ìgbà tí èèyàn ju kòbókò: ìdí rẹ̀ rọra yí, ẹnu rẹ̀ ló ń dún.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí fi lè sáré ní nǹkan bíi mítà 6 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ọ̀kọ̀ sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 30.

Tí orúnkún òsì bá wá tẹ̀ ńkọ́? Eré náà á kú sínú orúnkún. Ọwọ́ nìkan á wá fẹ́ san gbèsè yẹn, ìgúnpá ló sì máa ń jẹ̀bi. Ká máa sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé "fi agbára sí i!", ṣe là ń ba ọwọ́ ọlọ́wọ́ jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ọ̀kọ̀ tó kúrò lọ́wọ́ ní mítà 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ní dígírì 36 sí ilẹ̀, á lọ tó mítà 39, tá a bá yọ ti afẹ́fẹ́ àti gíga ọmọ náà sílẹ̀. Tí eré yẹn bá di 22, á lọ tó mítà 47. Mítà 2 péré la fi kún eré, mítà 8 la jẹ lérè.

Julius Yego, ọmọ Kẹ́ńyà, fídíò orí YouTube ló wò tó fi kọ́ iṣẹ́ yìí. Ní 2015, ní Beijing, ó ju ọ̀kọ̀ dé mítà 92.72, ó gba wúrà àgbáyé. Ó tún gba fàdákà Òlíḿpíìkì ní Rio lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹ lọ wo fídíò rẹ̀, kẹ́ ẹ má wo ọwọ́ rẹ̀ o. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò.

Fún ọmọ Agége yẹn: kó kọ́kọ́ sinmi títí ìrora á fi lọ, kí dókítà sì yẹ ìgúnpá náà wò. Ẹ wọn irin yẹn lórí òṣùwọ̀n: ọ̀kọ̀ ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 18 kì í ju gíráàmù 700 lọ, tọmọbìnrin jẹ́ 500. Tó bá padà dé, bọ́ọ̀lù kékeré ni kẹ́ ẹ fún un, ìgbésẹ̀ 3 péré, kí ẹsẹ̀ òsì gúnlẹ̀ kí ọwọ́ tó lọ. Tíyẹn bá ti mọ́ ọn lára, ẹ wá gbé ọ̀kọ̀ lé e lọ́wọ́.