Títọ́jú Ìtàkùn Òdòdó Nínú Ilé àti Ìsọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré, ṣùgbọ́n owó wà nínú ẹ̀, ẹ̀mí sì wà nínú ẹ̀.

Ìtàkùn kan wà tí àwọn ènìyàn ń gbé kọ́ sí pálọ̀ àti ìsọ̀. Ewé ẹ̀ rí bí ewé iṣu, ó ń dán, ó sì ní àmì pupa rúsúrúsú lára. Àwọn tó ń tà á ń pè é ní money plant. Epipremnum aureum ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko, erékùṣù Mo'orea nínú Òkun Pàsífíìkì ló sì ti ṣẹ̀ wá. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó ń fa owó wọlé, ẹ rín in lẹ́rìn-ín. Ọjà títà àti ìwé owó tó mọ́ ló ń fa owó wọlé.

Ìmọ́lẹ̀ àti omi

Inú igbó, lábẹ́ àwọn igi ńlá, ni irú ìtàkùn yìí ń gbé. Nítorí náà, oòrùn ọ̀sán gangan máa ń jó ewé ẹ̀. Bí ó bá sì wà nínú òkùnkùn jù, àmì ara ẹ̀ á parẹ́, yóò máa nà tẹ́ẹ́rẹ́ láìní ewé púpọ̀. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tàbí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ dé ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ti tàn sí i tààrà.

Omi àpọ̀jù ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn Òṣómàáló ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nígbà kan rí a máa lóṣòó ti ẹni tó jẹ wọ́n lówó aṣọ títí yóò fi san án. Ìyẹn dára fún gbèsè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lóṣòó ti ìkòkò òdòdó pẹ̀lú abọ́ omi láràárọ̀, gbòǹgbò ẹ̀ ni yóò rà. Ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ ìkòkò náà dé oríkèé àkọ́kọ́. Bí ó bá ṣì rin, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ bu omi sí i. Bí ewé bá ń pọ́n tí ilẹ̀ sì rin, omi ti pọ̀ jù. Bí ewé bá rọ tí ilẹ̀ sì gbẹ, òùngbẹ ni. Bí agolo lẹ fi gbìn ín, ẹ dá ihò sí ìdí ẹ̀ kí omi lè rí ibi jò sí.

Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ á yára gbẹ, eruku á sì bo ewé tí kò ní jẹ́ kó rí ìmọ́lẹ̀. Ẹ máa fi aṣọ rírin nù ún. Ẹ má da ìgbẹ́ adìyẹ tútù sí i, yóò jó gbòǹgbò ẹ̀.

Sísọ ọ́ di púpọ̀

Ẹ wo ibi tí ewé ti yọ lára ìtàkùn: oríkèé nìyẹn, ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti ń jáde. Ẹ gé e ní ìsàlẹ̀ oríkèé, kí ẹ ti oríkèé náà bọ inú ìgò omi. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, gbòǹgbò á ti yọ, ẹ lè wá gbìn ín. Ìtàkùn tó ní oríkèé 12 lè fún yín ní ọmọ 6, bí oríkèé méjì-méjì bá wà lára gígé kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ máa da omi ìgò náà nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fọ ìgò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tanwíji á kún inú ẹ̀, yóò sì di ẹ̀fọn. Lára àwọn ẹ̀fọn tó ń yé sínú irú omi bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń gbé ibà pọ́njú kiri.

Àwọn tó bá fẹ́ fi ṣòwò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ẹ̀ yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ra ọgọ́rùn-ún ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà. Bóyá ọjà tà, bóyá kò tà, èlé owó ń lọ. Ẹ fi agolo díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé e lọ fún àwọn onídìrí àti àwọn tó ní ọ́fíìsì, kí ẹ wo bó ṣe ń lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ewu tó wà níbẹ̀

Ẹbí kókò ni ìtàkùn yìí. Ṣé ẹ mọ bí kókò tútù ṣe ń yún ọ̀fun? Ohun kan náà ló wà nínú ewé àti igi ẹ̀. Bí ọmọdé tàbí ewúrẹ́ bá jẹ ẹ́, ẹnu á ta á, ó sì lè wú. Ẹ gbé e kọ́ sókè, kí ẹ sì gé èyí tó bá ń fà sílẹ̀ kí ọwọ́ ọmọ tó ń rá má baà tó o. Bí ọmọ bá ti jẹ ẹ́, ẹ nu ẹnu ẹ̀, ẹ fún un lómi mu. Ẹ má rọ ọ́ ní epo pupa, ẹ má sì fi ipá mú un bì. Bí ọ̀fun bá wú tàbí tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ewu kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn kan gbà pé ìtàkùn yìí ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́, wọ́n wá ń tan jẹnẹrétọ̀ nínú ìsọ̀ tàbí lẹ́nu ọ̀nà. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá ni pé ní 1989, àwọn olùwádìí NASA ní Amẹ́ríkà fi òdòdó inú ilé sínú àpótí tí a sé pinpin, wọ́n sì rí i pé àwọn èròjà olóró kan dín kù níbẹ̀. Kódà, irú pèrègún kan wà lára àwọn tí wọ́n dán wò. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ kì í ṣe àpótí. Ní 2019, Bryan Cummings àti Michael Waring ti Yunifásítì Drexel yẹ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wò. Wọ́n ní kí òdòdó tó lè ṣe iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde ń ṣe, ó máa gbà tó 10 sí 1,000 ìkòkò lórí mítà kan níbùú lóròó. Níbo la ó wá dúró tajà?

Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan tí a ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Orí á máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, oorun á gbéni lọ, ó sì lè parí síbẹ̀. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sí ìta gbangba, kó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé, kí èéfín ẹ̀ sì kọjú sí ibi tí kò sí ènìyàn. Ẹ má sùn sínú ìsọ̀ tí ẹ tì pa nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ nítòsí.

Ẹ gbin ìtàkùn yín fún ẹwà, ẹ tà á bí ẹni bá fẹ́ rà á. Afẹ́fẹ́ tí ẹ ó mí, ojú fèrèsé ni kẹ́ ẹ ti wá a. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó mú un wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ajé á wọlé o.